Àyẹ̀wò ọdún: ìwé tí wọ́n kà tán àti ìwé tí wọ́n dá padà láìkà

Ìparí ọdún ni ìwé tí a yá ènìyàn máa ń padà wálé. Ẹni tó ń lọ kí ará ilé ní Òmù-Àrán á jù ú sílẹ̀ kó tó wọ mọ́tò, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kó ẹrù kúrò ní Tanke ní Ìlọrin á fi rán ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó tò ó padà sórí pẹpẹ, ẹ ṣí i, kí ẹ wo ibi tí ẹni náà ti dúró. Ó lè fi bébà súìtì há a, ó lè ṣẹ́ etí ojú ìwé. Ibi tí àmì yẹn wà ni àyẹ̀wò ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó máa ń júwe ìwé fún ọmọnìkejì rẹ̀.

Bí àmì bá wà láàárín ojú ìwé 10 sí 20, èdè ló lé òǹkàwé sá. Lẹ́tà kéré jù, tàbí àkọtọ́ ti pẹ́ jù, tàbí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ó bá dé ìdá kan nínú mẹ́ta kó tó dúró, orúkọ ló pọ̀ fún un: kò rántí ta ni ọmọ ta mọ́, padà-sẹ́yìn sì sú u. Bí ó bá wá jẹ́ pé ogójì ojú ìwé péré ló kù, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ó ti rí ohun tó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà, ọkàn rẹ̀ ò sì gbà á. Mẹ́ta yìí, oògùn wọn yàtọ̀ síra. Ìwé kan náà tó lé ẹnì kan sá lójú ìwé 12 ni ẹlòmíràn ò ní jẹun títí yóò fi kà á parí, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ka ìwé ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ká tó na ọwọ́ sí pẹpẹ.

Ìbéèrè mẹ́ta la fi ń mọ̀ ọ́n. Èwo lo kà kẹ́yìn tí o kà dé òpin? Ìgbà wo lo máa ń ráyè kàwé? Kí ni o kò fẹ́ bá pàdé nínú ìwé? Àwọn ènìyàn máa ń bèèrè èkíní, wọn a gbójú fo ìkejì, ẹ̀kẹta kì í sì í sí lọ́kàn wọn rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Bó bá jẹ́ àgbà ni, ẹ fọ̀wọ̀ bi í: “Mọ́mì, irú ọ̀rọ̀ wo lẹ ò fẹ́ kí n gbé wá bá yín?” Wọ́n á sọ. Ní ti àsìkò, ẹni tó ń tajà ní Ọjà Ọba, tí oníbàárà ń dá dúró ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, ìtàn kúkúrú tó parí láàárín ojú ìwé mẹ́wàá sí ogún ló yẹ ẹ́. Bí ẹ bá fún un ní ìwé tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, ẹ ti fìyà jẹ ẹ́ nìyẹn.

Nínú ìtàn abàmì, ti iwin àti ẹbọra àti igbó tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í tẹ̀, Fágúnwà ṣì ni baba. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè sì tẹ̀lé e ní 1949. Ohun tó ń lé àwọn ọmọ sá níbẹ̀ ni àkọtọ́ àtijọ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó wà níta: aiye, enia, nwọn. Ọmọ tó kọ́ àkọtọ́ òde òní nílé ìwé á máa kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á wá rò pé òun ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ mú bébà pélébé kan, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá sí i, ti àtijọ́ lápá òsì, ti òde òní lápá ọ̀tún, kí ẹ fi sáàárín èèpo ìwé. Kó tó ka ogún ojú ìwé, kò ní wo bébà náà mọ́.

Ìkejì ni gígùn gbólóhùn. Gbólóhùn Fágúnwà lè gba ìlà mẹ́fà, ẹni tó bá ń fi ojú lásán kà á, èémí á kúrú fún un. Ẹnu la fi ń kà á. Òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé èyí níbẹ̀rẹ̀ ìwé: bí ẹnì kan nínú ìtàn bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sípò rẹ̀, kó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an lọ̀rọ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ tẹ̀lé e bó ṣe wí. Kí ọmọ kan ka ti ọdẹ, kí èkejì ka ti ẹbọra, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálaalẹ́, kí ẹ sì dá a dúró níbi tó ti dùn jù, kí ilẹ̀ ọ̀la baà lè tètè mọ́ wọn. Nígbà tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ inú Ògbójú Ọdẹ, àti àwọn akọni mẹ́fà bá ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, orúkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn tí wọ́n ní: Olóhùn-iyọ̀ ni olórin, Ìmọ̀dóye ni ọlọ́gbọ́n, Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀ ni tafàtafà. Igbó Olódùmarè ní tirẹ̀ ń sọ ìtàn Olówó-ayé, baba Àkàrà-ògùn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò ní sọnù.

Ìlọrin la wà ṣá, ìlú tí oríkì rẹ̀ ní ó tóbi tó báyìí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Bàbá tó bá rí iwin lára èèpo ìwé lè ní kò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì ki ìwé bọ abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún wọn: iwin wà nínú rẹ̀, tíṣà onígbàgbọ́ ló kọ ọ́, ìwàásù rẹ̀ sì ń yọ jáde níbi púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ibi tí Ìrágbèje ti ń kọ́ àwọn ọdẹ lẹ́kọ̀ọ́ ìwà, kí ẹ kà á sí wọn létí. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ó parí náà nìyẹn, ìwé mìíràn wà. Ọmọ tí wọ́n bá fi ìwé há lọ́wọ́ lẹ́yìn baba rẹ̀, ẹ̀rù ni yóò fi kà á.

Ọmọ Ìgbómìnà ní àǹfààní kan tí àwọn ọmọ ibòmíràn ò ní. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rin wà ní Èsìẹ́, nínú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ìtàn àwọn baba sì sọ pé ènìyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ mú ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà ọlidé. Bó bá ti dúró níwájú àwọn ojú òkúta wọ̀nyẹn, tó rí ilà lójú wọn àti irun tí wọ́n dì, igbó Fágúnwà kò ní jìnnà sí i mọ́.

Fún ọ̀dọ́ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, tó jáde ní 2018, ṣì wà lókè. Ẹ kìlọ̀ fún un nípa nǹkan méjì. Ìlọrin wà nínú ìwé náà, ibẹ̀ nilé Zélie, ṣùgbọ́n abúlé apẹja tó léfòó sórí òkun ni. Ẹni tó mọ odò Asà á kọ́kọ́ ya ẹnu, àfi kó ti mọ̀ pé òǹkọ̀wé yá orúkọ ìlú wa láti fi dá ayé tirẹ̀ ni. Ìkejì, ẹnu ẹni kan kọ́ ni ìtàn ti ń jáde: orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló wà lókè orí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fo ó, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú ní kíá. Kí ó sì tẹ̀lé ètò: 2018, lẹ́yìn náà Children of Virtue and Vengeance ti 2019, kó tó kan ti 2024. Ti Wole Talabi, Shigidi and the Brass Head of Obalufon, tó jáde ní 2023, àgbà ló ni ín. Ọ̀rọ̀ ibùsùn wà níbẹ̀, ẹ má fi lé ọmọ lọ́wọ́ nítorí pé ẹ rí orúkọ Yorùbá lára èèpo.

Ó kan ìtàn ìfẹ́. Níbí, ohun kan ló ń dá ìjà sílẹ̀: ṣé wọ́n fẹ́ra níkẹyìn? Òǹkàwé méjì ló ń wá tí wọ́n ń sọ pé ìtàn ìfẹ́ ni àwọn ń wá, ohun tí wọ́n fẹ́ kò sì jọra. Ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ títí ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ mọ̀ dájú pé bó ti wù kí ọ̀nà rí gbágungbàgun, ayọ̀ ló máa gbẹ̀yìn. Èkejì fẹ́ kí ìtàn náà gbé òun lọ́kàn, kódà kó pa òun lẹ́kún. Bí ẹ bá fi ìwé ekún fún ẹni àkọ́kọ́, kò tún ní bi yín léèrè ìwé mọ́.

Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974, ni ti ẹnì kejì yìí. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti ọmọbìnrin mẹ́ta: Àṣàkẹ́, Lọlá, Ṣadé. Ọkùnrin kan ò sì lè fi ọkàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997, wọ́n á ní àwọn ti mọ ìtàn náà. Ẹ ní kí wọ́n kà á nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ibẹ̀, bí àwọn ọ̀dọ́ yẹn ṣe ń tahùn síra wọn, bí wọ́n ṣe ń fi àwàdà bo ohun tó ń dùn wọ́n. Ìwé náà kò nípọn, Yorùbá rẹ̀ sì ń ṣàn bí omi, ó dára fún ẹni tí kò ka ìwé Yorùbá rí láti ilé ìwé.

Stay With Me ti Ayobami Adebayo, 2017, ni ìwé tó yẹ ká ṣọ́ra fún jù láti fi lé ènìyàn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìwé ńlá ni. Iléṣà ni ìtàn ti wáyé, ní àwọn ọdún 1980: Yéjídé àti Akin fẹ́ràn ara wọn, ọmọ ò dé, àwọn ẹbí mú ìyàwó kejì wá, nígbà tí ọmọ sì wá dé, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tún wọ ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ má fún ẹni tó ń wojú Olúwa fún ọmọ, tàbí ẹni tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́, láìjẹ́ pé ẹ ti sọ gbogbo èyí fún un lójúkojú. Àwọn kan á ní sísọ bẹ́ẹ̀ á ba ìtàn jẹ́. Kó bà á jẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ṣì ní kí ẹ gbé e wá, yóò rí ẹni tó mọ ìrora òun nínú rẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ ayọ̀, Love in Colour ti Bolu Babalola, 2020: ìtàn kúkúrú, Ọ̀ṣun wà nínú wọn, ìyá ọlọ́jà lè ka ọ̀kan kí oníbàárà tó dé. Ankara Press tí àwọn atẹ̀wé Cassava Republic dá sílẹ̀ náà ń ṣe ìtàn ìfẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọmọ Áfíríkà jẹ́ olú ẹ̀dá inú rẹ̀, ó rọrùn láti kà lórí fóònù.

Nínú ìtàn ìgbésí ayé, The Boy Who Harnessed the Wind, 2009, ni ká fi ṣáájú. William Kamkwamba, ọmọ Màláwì, kò rí owó ilé ìwé san nígbà ìyàn 2001 sí 2002. Ó ń lọ sí ilé ìkàwé kékeré abúlé, ó rí àwòrán ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí nínú ìwé, ó sì fi férémù kẹ̀kẹ́, fáànù katakata, páìpù rọ́bà tó yọ́ lórí iná tó tẹ̀ pẹrẹsẹ, àti dáínámò kẹ̀kẹ́ tan gílóòbù. Ìdí tí ìwé yìí fi ń mú ọmọdé ni pé ó sọ nǹkan tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kò fi àṣeyọrí nìkan kún ẹnu. Ẹ wo ẹ̀dà tí ẹ ń rà: aláwòrán wà fún ọmọ kékeré, ti ọ̀dọ́ wà, ti àgbà sì wà. Ti àgbà tí wọ́n bá fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ojú ìwé 12 ni àmì rẹ̀ máa wà.

Aké ti Ṣóyínká náà, ìtàn ìgbà èwe rẹ̀. Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, òun sì ni kí ẹ wá fún àgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ò rọ̀ lọ́rùn. Bó bá ti ka ibi tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti dìde sí owó orí, kò ní gbé e sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Afọ̀njá àti Àlímì, ìwé ìtàn Samuel Johnson, The History of the Yorubas, ni, ṣùgbọ́n ó lé ní ẹgbẹ̀ta ojú ìwé. Ẹ má ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Ẹ lọ sí atọ́ka ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹ wá Ilorin, kí ó ka ibẹ̀ kó tó padà sẹ́yìn. Kó mọ̀ pé ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo ọ̀rọ̀ náà, àwọn àgbà Ìlọrin ní tiwọn láti sọ, kó lọ bi wọ́n. Ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà fún un: wọ́n fi àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sọnù síbẹ̀, Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ látinú ìwé ìrántí tó kù nílẹ̀, ó sì jáde ní 1921.

Ìkìlọ̀ kan nípa “ìtàn òótọ́”. Ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ bíi lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, àwọn òǹkàwé sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Isaac Thomas tó ni ìwé ìròyìn náà ló ń kọ ọ́. Nítorí náà, ìwé tó bá pe ara rẹ̀ ní òótọ́, ẹ wá ọjọ́, ẹ wá orúkọ ìlú, ẹ wá ibi tí òǹkọ̀wé ti jẹ́wọ́ àṣìṣe. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá sí, ẹ kà á fún ìgbádùn lásán.

Bí ẹ bá ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó tẹ́ ìwé sílẹ̀, ayédèrú pọ̀. Ojú ìwé 16 ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ pọ̀ tí wọ́n ń kó jọ, tàbí 32, nítorí náà ojú ìwé tó bá máa fò, òdìdì ló ń fò. Ẹ wo 16 sí 17, 32 sí 33, 48 sí 49, kí ẹ tó sanwó. Nínú ìwé Yorùbá, ẹ wo àmì ohùn: ẹ̀dà tí wọ́n fi fótókópì tẹ̀ máa ń pa àmì rẹ́, ọkọ àti ọkọ̀ á di ọ̀kan náà.

Ọyẹ́ ti dé báyìí, òun ló ń bá ìwé jà jù nínú oṣù yìí. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé á gbẹ, á là, ojú ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Á pọ́n, á sì fa lẹ́tà kúrò. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù pa fẹ́ẹ́rẹ́ sí etí ojú ìwé náà, kí ẹ tì í wọlé, kí ẹ fi ìwé ńlá méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá gbẹ, ẹ yọ àmì ẹni tó dá a padà kúrò, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó kàn sínú èèpo.