Àdìrẹ tí kò mọ ìkòkò aró

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀ láti Èkó, ó sọ̀ ní Ládẹ́rìn, ó wá bá wa. Láti 2021 tí wọ́n ti ṣí ojú irin yẹn ni irú wọn ti ń pọ̀: wọn á dé láàárọ̀, wọn á padà nírọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ padà mọ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń rà. Oko ẹ̀gẹ́ tí mo mọ̀ lápá ibẹ̀, fẹ́ǹsì ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ó fa aṣọ kan yọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Àǹtí, ẹ̀rọ ló tẹ eléyìí, àbí?"

Ojú tì mí. Ṣáínà ló ti wá lóòótọ́. Balógun ni mo ti rà á, torí pé owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti wa, mo sì kó o sáàárín èyí tí mo fọwọ́ ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò kò ní í ṣì í mú: àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣá ju ti iwájú lọ, ọnà ọ̀pá kìíní sì bá ti ọ̀pá kẹfà mu rẹ́gí. Ti wa kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ a máa rẹ èèyàn, àbẹ́là tí a fi ń ya ọnà a sì máa kán síbi tí a kò rán an.

Aláró ni ìyá ìyá mi, ní Kémta. Ewé èlú ló ń gún. Láfún ló fi ń ya ọnà, ìyẹ́ adìyẹ sì ni kálámù rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé aṣọ funfun tó ń rẹ yẹn, ilẹ̀ Òyìnbó ló ti ń wá; irú aṣọ Manchester bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí àdìrẹ gbilẹ̀. Aṣọ gíníì tí èmi náà ń lò, òkèèrè ni. Sóòdà tí a fi ń po aró ńkọ́? Òkèèrè. Kámpálà tí à ń pè é gan-an, olú-ìlú Uganda ló ni orúkọ. Ọwọ́ nìkan ló jẹ́ tiwa níbẹ̀, òun náà sì ni ẹ̀rọ wá gbà yìí.

Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo tẹ́ ti ọwọ́ mi síwájú rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní ó rẹwà. Ó wá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Àǹtí, ẹ bá mi di ti Ṣáínà yẹn. Aṣọ ẹbí ni. Ìyàwó ní tiwa gbọ́dọ̀ bára mu."

Mo dì í sí láílọ́ọ̀nù fún un.