Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú abọ́ kí ẹ tó mú ìgò kálísíọ̀mù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka ìwé dókítà ẹran ní Zaria àti Gwagwalada, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ ajá ńlá ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí torí ó ti dójú tì mí rí.

Ọdún kejì tí mo jáde nílé ìwé ni, mo wà ní kílíníìkì kékeré kan ní Kubwa. Ọ̀gá kan gbé ọmọ ajá Boerboel wá láti Gwarinpa, oṣù mẹ́ta péré, ó ti wọn kílò 16. Ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ méjèèjì ti wó níbi ọrùn ẹsẹ̀, ó ń rìn pẹrẹsẹ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Kí lèmi ṣe? Mo ní kálísíọ̀mù ò tó lára ẹ̀ nìyẹn, mo gún un lábẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù, mo kọ síróòpù kálísíọ̀mù lé e, mo tún fi POP (ẹfun tó ń le gbagidi tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́) di ẹsẹ̀ méjèèjì gírígírí. Ọ̀gá sanwó, ó dúpẹ́, inú mi ń dùn bí ẹni tó jẹ lọ́tìrì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n gbé e padà wá, a tú POP, ẹsẹ̀ ti rù kanlẹ̀, kò ti ẹ̀ lè dúró mọ́.

Màdáámù tó ni kílíníìkì ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Gbé báàgì ẹ, jẹ́ ká lọ sílé wọn." Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́ṣẹ́. Kọ́rídọ̀ tí ajá yẹn ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, táìlì tó ń dán bíi dígí ni, díẹ̀ ló kù kí èmi fúnra mi yọ̀ ṣubú. Màdáámù wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó wá lọ bá mègádì torí mègádì ló ń bu oúnjẹ fún ajá (ẹ rántí ìyẹn o, ẹni tó ń sanwó fún yín lè má mọ ohun tí ajá ń jẹ rárá). Ó ní, "Mallam, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń bù fún un?" Mallam gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó ti gbé Ṣáṣá n'Ìbàdàn rí. Ó ní oúnjẹ pọ́pì (ìyẹn oúnjẹ ọmọ ajá) inú àpò ni, abọ́ kíkún, tó bá tán òun á tún bù sí i, òun dẹ̀ máa ń fi bone meal (egungun ẹran tí wọ́n lọ̀) ṣíbí méjì lé e kí egungun ẹ̀ lè le. Bone meal wo? Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ, Mallam ní adìẹ ẹlẹ́yin díẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá náà tún ń fún un ní síróòpù kálísíọ̀mù tí ẹni tó tà á fún un ní Jos ní kó máa fún un. Lórí gbogbo ẹ̀, èmi dókítà wá gún abẹ́rẹ́ lé e.

Ẹ gbọ́, oúnjẹ pọ́pì inú àpò tó bá jẹ́ ojúlówó, kálísíọ̀mù ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ajá tó ti dàgbà, ìfun ẹ̀ mọ bó ṣe ń mú èyí tó fẹ́ kí ìyókù bá ìgbẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ajá tí ò tíì pé oṣù 6, ìfun ẹ̀ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tilẹ̀kùn, bí ẹ bá ṣe ń dà á sí i ló ṣe ń wọlé. Egungun rírọ̀ tó yẹ kó di líle ní ìparí egungun ò ní yí padà bó ṣe yẹ, á nípọn, á sán ní oríkèé, tàbí kí egungun kan nínú ẹsẹ̀ iwájú máa dàgbà kí èkejì dúró, ẹsẹ̀ á wá tẹ̀ bí ọrun. Ajá Great Dane ni wọ́n fi dán èyí wò ní Utrecht, nílẹ̀ Netherlands, láwọn ọdún 1980. Ìdí nìyẹn tí òfin oúnjẹ ajá ní Amẹ́ríkà fi ní kí kálísíọ̀mù má ju 1.8% oúnjẹ gbígbẹ lọ fún ọmọ ajá tó máa ju nǹkan bíi kílò 32 lọ tó bá dàgbà. Ẹ yí àpò yẹn padà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "including growth of large size dogs" sí i; tó bá jẹ́ "except" ni wọ́n kọ, kì í ṣe ti ọmọ ajá ńlá.

Ká sòótọ́, ẹsẹ̀ tó wó yẹn fúnra ẹ̀, táìlì àti ìwúwo àti iṣan tí ò lágbára ló fà á jù. Kálísíọ̀mù ni wàhálà míì tó ń bọ̀ lẹ́yìn. POP tèmi kàn tún sọ iṣan di òkú ni. Màdáámù ní kí wọ́n dá bone meal dúró, kí wọ́n ju síróòpù nù, kí wọ́n kó ajá lọ sórí iyanrìn àti koríko lẹ́yìn ilé, kí wọ́n fi ife wọn oúnjẹ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta ó ti ń dúró.

Ẹ má wá lọ máa sọ pé mo ní kálísíọ̀mù ò dáa o. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ajá Alsatian kan dé láti Lugbe, ẹsẹ̀ ẹ̀ wó bákan náà gẹ́lẹ́, ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé ẹ dá kálísíọ̀mù dúró, mo bá ní kí n kọ́kọ́ bèèrè abọ́. Ẹran màlúù lásán! Láàárọ̀ lálẹ́, torí ẹnì kan sọ fún wọn pé ẹran ni ajá ńlá ń jẹ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (èròjà míì tó ń bá kálísíọ̀mù kọ́ egungun) inú ẹran lásán lè tó ìlọ́po 15 sí 20 kálísíọ̀mù inú ẹ̀, ara á wá máa yọ kálísíọ̀mù látinú egungun kó lè rí lò. Nínú X-ray egungun ẹ̀ rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, itan kan ti ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò já bọ́ láti ibì kankan.

Wọ́n á tún ní ẹ sá a sí oòrùn. Oòrùn Abuja pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ awa èèyàn ló ń rí fítámì D nínú ẹ̀, awọ ajá ò lè ṣe é tó, inú oúnjẹ ló ti ń rí i. Ẹ má dẹ̀ torí ìyẹn máa da òróró ẹ̀dọ̀ ẹja sí i lẹ́nu, àpọ̀jù ẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́.

Alsatian tó ń tiro, òní ẹsẹ̀ ọ̀tún ọ̀la ẹsẹ̀ òsì, láàárín oṣù 5 sí 18, panosteitis (ìrora inú egungun ajá tó ń dàgbà) ló sábà máa ń jẹ́, á lọ fúnra ẹ̀, ẹ ṣáà fún un ní oògùn ìrora. Tí ibi tó wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ bá wú tó gbóná, tí ibà wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ dìde, ẹ má dá a padà sílé di ọ̀la, ẹ má dẹ̀ fi fítámì C fi àkókò ṣòfò. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lẹ́yìn tí mọ́tò gbá a tàbí tó já látorí àtẹ̀gùn, X-ray kíá, kò sí síróòpù tó máa nà án, iṣẹ́ abẹ ni, tó bá kọjá agbára yín ẹ tètè kọ̀wé gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ní Zaria.

Ọ̀rọ̀ sísanra ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Abuja fẹ́ràn ọmọ ajá rọ̀bọ̀tọ̀. Tí ẹ bá ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù wọ́n á ní, "Dókítà, ẹ fẹ́ kí ebi pa ajá mi." Mo máa ń sọ ti ajá Labrador 48 tí wọ́n fi wádìí ní Amẹ́ríkà fún wọn, àwọn tí wọ́n ń fún ní oúnjẹ tó fi 25% kéré sí tàwọn yòókù, egungun ìbàdí wọn dáa jù, wọ́n tún fi nǹkan bí ọdún 2 pẹ́ láyé jù wọ́n lọ. Tí wọn ò bá gbà, mo máa ń mú ọwọ́ wọn fi ra ìhà ajá. Ó yẹ kí ọwọ́ lè ka egungun ìhà láìtẹ̀ ẹ́ líle.

Boerboel yẹn ti di ajá ńlá báyìí. Mallam pè mí lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan ń dùn ún láti ọjọ́ tí a ti wá: ṣé kóun dá bone meal tàwọn adìẹ náà dúró ni? Mo ní rárá o Mallam, ẹ má fọwọ́ kan tadìẹ, ẹyin ni wọ́n ń fi ṣe.