Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó kó mi yọ lórí afárá Third Mainland

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi jáde ní gbangba láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè tí kò jẹ́ kí n bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ, àti láti sọ bí ìjàǹbá náà ṣe rí gan-an, nítorí pé ọpẹ́ tí kò bá sọ ohun tí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì kún lójú tèmi.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Balógun, Bárígà ni mo sì ń gbé. Lálẹ́ Sátidé kan, mo wọ dáńfó tó ń lọ sí Ọ̀wọ̀rọ̀ǹṣòkí ní Òbáléndé. A ti gun orí afárá kí òórùn ọtí tó ta sí wa nímú. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú bá awakọ̀ wí, ṣùgbọ́n èsì tó fọ̀ ni pé, "Bàbá, n ò mutí o. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni mo mu, mo sì ti fi omi tútù lé e." Ẹni tó bá ń wọkọ̀ ní gáréèjì Èkó mọ ohun tó ń wí: paraga ni. Egbò àti èèpo igi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró ni paraga. Bí wọ́n tilẹ̀ ń tà á bí oògùn, ọtí líle ni ìdí rẹ̀. Omi tútù kò sì lè lé e lọ. Dókítà tó tọ́jú mi ló là mí lọ́yẹ pé ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń fọ̀ ọ́, yálà èèyàn mu kọfí tàbí ó wẹ̀, kò lè mú un yára. Òdiwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún awakọ̀ ní Nàìjíríà ni gíráàmù 0.5 ọtí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ojú àti ìṣọ́ra èèyàn ti ń dínkù kí ó tó dé ibẹ̀.

Bọ́ọ̀sì kan ti bàjẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níwájú wa, kò sì sí iná kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé a kò gbọ́ ìró bíréèkì rárá. Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ dá lè pẹ́ kó tó rí nǹkan nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n yóò tẹ bíréèkì bó ti wù kó kéré mọ, eré ọkọ̀ yóò sì ti rọ̀ díẹ̀ kí irin tó kan irin. Tiwa gbé gbogbo eré rẹ̀ lọ kọlu bọ́ọ̀sì náà. Ibẹ̀ ni ọtí àti eré ti ń pawọ́ pọ̀ pa èèyàn, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí eré ọkọ̀ bá fi ìdá 1 nínú 100 lé sí i, ewu ìjàǹbá tó ń gba ẹ̀mí á fi ìdá 4 nínú 100 pọ̀ sí i.

Bàbá tó bá awakọ̀ wí ti de bẹ́líìtì, àyà nìkan ló ń dùn ún. Àwa tó wà lẹ́yìn kò ní bẹ́líìtì kankan láti dè, nítorí irin tí àwọn wẹ́dà jó mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni àga dáńfó. Irin yẹn ló ká mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tó fi kán níbi méjì. Ọmọkùnrin kọ́ńdọ́ tó so rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà já bọ́ sórí ọ̀dà, kò sì yè é. Ọmọ ọlọ́mọ ni, oúnjẹ òòjọ́ lòun náà ń wá, n kò sì lè máa dúpẹ́ kí n fi ikú rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ. Kí Ọlọ́run tu àwọn òbí rẹ̀ nínú.

Àwọn ọlọ́kọ̀ dúró ràn wá lọ́wọ́. Bí wọ́n ti fẹ́ fi ipá fà mí jáde, obìnrin nọ́ọ̀sì kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pariwo pé, "Ẹ má fà á! Ẹ jẹ́ kí n di orí rẹ̀ mú ná!" Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà létí mi títí wọ́n fi fi jáàkì gbé irin náà sókè. Ẹlòmíràn pe 112. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé béèrè owó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wá, bẹ́ẹ̀ òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀ láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣòfò lára wa títí a fi dé ilé ìwòsàn ìjọba tó gbà wá.

Awakọ̀ náà yè, mo sì dúpẹ́ fún un tọkàntọkàn. Àmọ́ ọtí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì: nígbà tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, tó sì ń tòògbé, gbogbo èèyàn rò pé ọtí ló ń dà á láàmú. Dókítà kan ló tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, ni wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sínú agbárí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní, lọ́wọ́ àwọn dókítà tó to egungun mi, lọ́wọ́ ọkọ mi àti ìjọ wa, àti lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Balógun tí wọ́n dá owó iṣẹ́ abẹ. Àwọn kan náà ti gbà láti bá mi lọ sọ́dọ̀ alága gáréèjì, kí a bẹ̀ ẹ́ pé kí tábìlì paraga kúrò níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń kó èrò. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni màá ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a ó lọ rí alága.