Kí Awakọ̀ Tó Gbé Orúkọ Yín Dání ní Pápákọ̀ Òfurufú

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo háyà ọkọ̀ láti wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú ìlú ńlá kan tí n kò dé rí, awakọ̀ náà kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ó gbé pátákó tí wọ́n kọ orúkọ mi sí dání lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ó dúró títí àsìkò tí wọ́n fún un fi pé, ó sì pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni n kò sí níbẹ̀. Mo ṣì wà lórí ibùsùn mi nílé. Mo gbọ́ tí fóònù ń dún lóru, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ni, mo sì yíjú sí ògiri. Aago méjìlá òru kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni bàálù mi yóò balẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa gbéra, nítorí náà ọjọ́ Ẹtì ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù, n kò sì rántí pé bí aago méjìlá òru bá ti lù, ọjọ́ Àbámẹ́ta ti wọlé nìyẹn. Awakọ̀ ti wá, ó ti dúró, ó ti lọ, ní odindi wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú mi.

Owó náà wọgbó, n kò sì rí ẹni bá jà, torí pé ohun tí mo kọ ni wọ́n ṣe. Ohun tó dùn mí jù ni pé àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà bàálù. Wọn kò sọ pé dandan ni, mo bá fò ó. Bàálù ọ̀hún kì í wá lójoojúmọ́. Ká ní mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ ni, ẹni tó gba ètò náà wọlé ì bá tètè rí i pé kò ní balẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dá, ì bá sì bi mí. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé nínú àkókò gígùn tí a fi ń wo iye tí ilé-iṣẹ́ kan ń gbà mọ́ ti òmíràn, ó yẹ kí a yọ púpọ̀ sílẹ̀ fún fọ́ọ̀mù, nítorí awakọ̀ kò rí wa rí. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ nípa wa.

Nínú gbogbo ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè, n kò tíì rí èyí tó wúlò tó nọ́ńbà bàálù yẹn. Òun ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń mọ̀ bóyá bàálù pẹ́ kí ó tó gbéra, bóyá afẹ́fẹ́ tì í dé ṣáájú àkókò, tàbí bóyá wọ́n darí rẹ̀ gba ibòmíràn lọ. Bí ẹ bá kọ aago mẹ́ta ọ̀sán nìkan, aago mẹ́ta ni awakọ̀ yóò dé, ì báà jẹ́ pé ẹ ṣì wà lójú sánmà. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Èkínní ni ti ẹni tó wọ bàálù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó dé ibi tó ń lọ, tó wá kọ nọ́ńbà bàálù àkọ́kọ́ tó wọ̀ nílé. Ti ìkẹyìn, èyí tó máa balẹ̀ sí ìlú tí ọkọ̀ ti ń dúró dè é, ni ilé-iṣẹ́ fẹ́. Èkejì ni ti bàálù kan ṣoṣo tó ní nọ́ńbà méjì, nítorí pé ilé-iṣẹ́ bàálù méjì jọ ń ta àyè inú rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín lè yàtọ̀ sí èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ń fò ó gan-an ń lò. Mo máa ń wá èyí tó jẹ́ ti ẹni tó ń fò ó, mo sì máa ń kọ méjèèjì bí àyè bá gbà mí.

Lẹ́yìn èyí, ó ku ọ̀rọ̀ àsìkò ìdúró, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fún èrò tó bá ti pápákọ̀ òfurufú ń bọ̀ ní ìdúró ọ̀fẹ́, tó sábà máa ń wà láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, owó á bẹ̀rẹ̀ sí í gorí owó. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó ni ìgbà tí aago náà ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti ìgbà tí bàálù bá balẹ̀, ẹ ro gbogbo ohun tó wà láàárín ìgbà tí táyà kanlẹ̀ àti ìgbà tí ẹ yọ lẹ́nu ọ̀nà àbájáde: bàálù yóò rìn nílẹ̀ títí yóò fi dé ibi ìdúró rẹ̀, ẹ ó dúró de àwọn tó jókòó níwájú yín kí wọ́n tó sọ ẹrù ọwọ́ wọn kalẹ̀, ẹ ó rin ọ̀nà gígùn, ẹ ó tò síwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de, ẹ ó dúró ti bẹ́líìtì tó ń yí po títí àpótí yín yóò fi yọjú, ẹ ó sì kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Ìṣẹ́jú 30 lè tán kí ìlà àwọn ìwọlé-wọ̀de tó sún ìdajì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ láti aago tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, ẹ lè dá a sí ìṣẹ́jú 45 tàbí wákàtí kan lẹ́yìn tí bàálù yóò balẹ̀, kí ìdúró ọ̀fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ àfikún. Ẹni tó ń ti ìlú kan bọ̀ sí òmíràn nínú orílẹ̀-èdè kan náà, tí kò sì gbé ju báàgì ọwọ́ kan lọ, kò nílò gbogbo ìyẹn. Ogún ìṣẹ́jú lè tó o.

Ó tún ku ibi tí ọkọ̀ yóò ti pàdé yín. Ìlú ńlá kì í sábà ní pápákọ̀ òfurufú kan ṣoṣo, orúkọ ìlú kan náà sì lè wà lára gbogbo wọn. Ó kéré tán, pápákọ̀ mẹ́fà ló ń jẹ́ orúkọ Lọ́ńdọ̀nù: Heathrow, Gatwick, Stansted, Luton, City àti Southend, jíjìn sì wà láàárín wọn. Ní Istanbul, èyí tí wọ́n kó bàálù lọ sí ní ọdún 2019 wà ní apá Yúróòpù, Sabiha Gökçen sì wà ní apá Éṣíà, omi ló là wọ́n láàárín. Haneda kò jìnnà sí àárín ìlú Tokyo, ṣùgbọ́n Narita jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 60 sí i. Newark tí ọ̀pọ̀ èrò New York ń balẹ̀ sí, ìpínlẹ̀ New Jersey ló wà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo lẹ́tà mẹ́ta tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, bíi LHR (Heathrow) tàbí LGW (Gatwick), HND (Haneda) tàbí NRT (Narita), tí mo sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Tẹ́mínà, ìyẹn ilé tí èrò ń gbà wọlé tàbí jáde nínú pápákọ̀, náà ṣe pàtàkì. Tẹ́mínà 2, 3, 4 àti 5 ló ń ṣiṣẹ́ ní Heathrow. Wọ́n ti ti tẹ́mínà 1 láti ọdún 2015, síbẹ̀ ẹ lè ṣì bá a nínú ìwé ìtọ́sọ́nà àtijọ́. Ẹni tó bá balẹ̀ sí tẹ́mínà 5 tí awakọ̀ rẹ̀ wà ní tẹ́mínà 2 kò lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá a.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí a kò kàn ní wọ takisí tó tò síta. Òótọ́ ni, nígbà mìíràn takisí náà ló dára jù. Iye kan pàtó ni takisí ìlú Paris ń gbà láti pápákọ̀ Charles de Gaulle wọ inú ìlú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni takisí aláwọ̀ ìyeyè New York láti pápákọ̀ JFK dé Manhattan, nítorí náà sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò ní sọ owó yín di ìlọ́po méjì. Bí ó bá jẹ́ èmi nìkan, lọ́sàn-án, pẹ̀lú àpótí kan, tí rélùwéè tó dára sì wà, n kò ní háyà ọkọ̀ kankan. Bí ó bá di pé òru ni mo máa dé, tàbí tí mo bá kó ọmọ àti àgbàlagbà dání, tàbí tí n kò gbọ́ èdè ìlú náà, mo fẹ́ kí ẹnìkan ti mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òfin lè yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ háyà aládàáni kò gbọdọ̀ gbé èrò tí kò ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ṣe ètò ṣáájú. Takisí dúdú nìkan ni a lè nawọ́ dá dúró lójú pópó. Ẹni tó bá ń rìn kiri nínú gbọ̀ngàn àbájáde níbẹ̀, tó ń bi yín lọ́rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé ẹ fẹ́ ọkọ̀, òfin ló ń rú.

Nípa ẹrù, n kò ní sọ púpọ̀ ju pé kí ẹ ka àpótí kí ẹ tó ka orí lọ. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n kọ èrò mẹ́rin sí lè gba ẹni mẹ́rin, ṣùgbọ́n bóyá ni búùtù rẹ̀ fi máa gba ju àpótí ńlá méjì lọ. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ọmọdé gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọmọ máa lo ìjókòó tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà kí ọmọ wọ takisí tàbí ọkọ̀ háyà tó ní ìwé àṣẹ láìsí i, bí awakọ̀ kò bá ní, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti jókòó sẹ́yìn. Àṣẹ tí òfin fúnni yìí kò sọ pé ewu kò sí. Ẹ kọ ọjọ́ orí ọmọ àti bí ó ṣe wúwo tó sínú fọ́ọ̀mù, nítorí pé ìjókòó ọmọ oṣù mẹ́jọ kò lè wúlò fún ọmọ ọdún mẹ́rin.

Nígbà tí ẹ bá wá jáde, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ má ṣe dárúkọ ara yín fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ sọ orúkọ ẹni tó wá gbé àti ibi tó ń gbé e lọ, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́. Ẹni tó rí pátákó orúkọ yín lókèèrè náà lè sún mọ́ yín, kí ó pè yín ní orúkọ, kí ó sì gba ẹrù lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi orúkọ mi kíkún sórí pátákó mọ́. Àwọn awakọ̀ mìíràn á pè yín pé kí ẹ gun òkè wá sí ibi tí wọ́n ti ń já àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sílẹ̀, torí pé wọn kò fẹ́ san owó ibùdó ìgbọ́kọ̀sí. Bí ẹ bá ti sanwó pé kí wọ́n pàdé yín nínú gbọ̀ngàn, ẹ má ṣe gbà. Gbogbo èyí dúró lórí pé fóònù yín ń ṣiṣẹ́ ní ìlú náà, nítorí náà kí ẹ tó gbéra, ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n lè fi bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú kóòdù orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹ sì gbé e bí ó bá dún lóru.

Ìrìn ìpadà kò le tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú bàálù òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù fẹ́ kí èrò ti wà ní pápákọ̀, ẹ sì tún fi àkókò ojú ọ̀nà kún un, kì í ṣe ti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ẹ ń lọ.

Láìpẹ́ yìí ni mo háyà ọkọ̀ fún Màámi, tí àwọn nìkan dá rìnrìn àjò lọ sí ìlú ńlá tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Mo kọ nọ́ńbà bàálù kejì tí wọ́n máa wọ̀, mo kọ tẹ́mínà, mo kọ nọ́ńbà fóònù tiwọn, ti ẹ̀gbọ́n mi àti tèmi, mo sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ fi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ti àgbàlagbà nínú rẹ̀ gbé Màámi dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ọjọ́ tí bàálù náà máa balẹ̀, mo wo kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mẹta. Bàálù pẹ́ tó wákàtí méjì. N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń wò ó lórí fóònù bí ó ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí àtẹ̀jíṣẹ́ awakọ̀ fi wọlé pé òun ti rí wọn, òun sì ti gbé àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí búùtù. Mo tẹ Màámi láago lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe pe àwọn mọ́, àwọn fẹ́ sùn.