Kó lọ gbọ́ ọ ní rédíò

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ilẹ̀ ti ṣú

Mo rán aṣọ ìyàwó ará Sáńgo parí, kò tíì wá gbé e. Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. Arsenal gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ti mọ bó ṣe lọ. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lé oorun lójú mi. Ọ̀rọ̀ tí Alága, ẹni tó ni ilé tá a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, sọ ni. Ẹ mọ Alága, ẹ sì mọ ẹnu rẹ̀.

Bàbá tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, èyí tó máa ń gbé ìrọ̀rí tirẹ̀ wá látilé, mú 300 náírà rẹ̀ wá bó ti máa ń ṣe. Ó ti ká a wẹ́wẹ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Alága na ìka sí páálí tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà: 500. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Owó ti lé sí i. Ẹni tí ò bá ní, kó lọ gbọ́ ọ ní rédíò."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ rín in. Irọ́, mo fẹ́ rín in. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ìgbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀ ni mo rí i pé bàbá ti tú owó náà, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ó lè di 500 tó bá fara balẹ̀ kà á. 200 náírà wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣéńjì lọ́wọ́ oníbọ̀ọ̀lì ni. N ò yọ ọ́. Títí mo fi ń kọ èyí, n ò mọ ohun tó di ọwọ́ mi mú.

Ṣé Alága wá burú ni? Lóṣooṣù ló ń sanwó díkódà, owó díkódà kì í sì í wálẹ̀ tó bá ti gòkè. Epo tó ń rà, gbogbo wa la mọ iye tó dà láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Owó ẹnu ọ̀nà yẹn kì í sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ni, ó di tàwọn oní-díkódà, ó di tàwọn ará London, ó di owó ọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù ọmọ ogún ọdún kan tó ní mọ́tò mẹ́rin. Nígbà tí mo rò ó báyìí, inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀, pé 300 bàbá náà ì bá dé ẹsẹ̀ ẹnì kan lọ́hùn-ún. 200 péré ló kù kó dé.

Kí ló tilẹ̀ ṣe rédíò? Rédíò ni bàbá mi fi mọ Muda Lawal, agbábọ́ọ̀lù tó ti ṣe mẹkáníìkì rí n'Ìbàdàn níbí. Inú rédíò ni Ernest Okonkwo, tó máa ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù, ti sọ agbábọ́ọ̀lù Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí di "Mathematical", bàbá mi tí kò ka ìṣirò kọjá ìwé mẹ́fà á sì máa pe orúkọ náà bí ẹni pé òun ló sọ ọ́. 1976 tí IICC, kíláàbù Ìbàdàn tí à ń pè ní Shooting Stars, na Tonnerre ti Yaoundé, tí ife ilẹ̀ Áfíríkà kọ́kọ́ tẹ kíláàbù Nàìjíríà lọ́wọ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́, àfi bí ẹni pé òun ló gbá bọ́ọ̀lù sí Ọdẹ́gbàmí. Bátìrì nìkan ló ń ná an. Tí bátìrì bá sì ti ń rẹ̀, á tò wọ́n sórí páànù, á sá wọn sóòrùn, wọ́n á tún gbé e dé ìparí eré.

Mo ń sọ èyí bí ẹni pé ayé ìgbà náà dára. Ìgbà wo ni mo lọ wo Shooting Stars ní pápá Adamasingba gbẹ̀yìn? N ò fẹ́ dáhùn. Ọkọ̀ kan péré ni látọ̀dọ̀ mi. Ẹni tó bá pariwo "Up Sooting!" létí mi lónìí, mo lè béèrè pé ta ni wọ́n ń bá gbá. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí orúnkún ń dùn ní Arsenal. Kanu ló fà mí wọ̀ ọ́ ní 1999, ọjọ́ góòlù mẹ́ta tó fi da omi sí Chelsea nínú, n ò sì jáde mọ́. Jẹ́sì ayédèrú láti Dùgbẹ̀ lọ́rùn mi, mo ń bínú sówó.

Bọ̀dá mi pè mí lórí WhatsApp bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ ọ́n, ará Holloway ní London. Ilé rẹ̀ sí pápá Arsenal kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ọdún kọkànlá rẹ̀ sì nìyí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló wọ inú rẹ̀ rí, ó lọ bá wọn gbálẹ̀ lẹ́yìn eré. Ó ní òun fi ìgbálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun jókòó ìṣẹ́jú méjì sórí àga pupa kan. Tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dọọdún àgbàlagbà tó rẹlẹ̀ jù lé ní 1,000 pọ́n-ùn, èrò tó tò dè é sì tó ìlú kan. Ẹ máa ní kó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò ṣeé ṣe! Láti aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Sátidé, wọn kì í gbé bọ́ọ̀lù sórí tẹlifíṣọ̀n ní tààràtà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti àwọn ọdún 1960 ni. Bob Lord, alága Burnley, ló jà fún un, pé bí gbogbo èèyàn bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ta ni yóò lọ wo àwọn kíláàbù kéékèèké? Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún Adamasingba?

Nítorí náà, èmi tó wà lábẹ́ páànù n'Ìbàdàn ni mò ń sọ eré fún ẹni tó ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lójú fèrèsé. "Wọ́n gba kọ́nà. Wọ́n dá a padà. Ó ṣubú. Kò sí nǹkan tó ṣe é." Lójijì ó kígbe létí mi: "Ó ti wọlé!" Mo ní rárá, bọ̀dá, bọ́ọ̀lù ṣì wà láàárín pápá. Ó ní ó ti wọlé, òun gbọ́ ọ. A ṣì ń jiyàn lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ẹnì kan gbé e wá, ó wọlé. Alága ní sátẹ́láìtì ló ń pẹ́. Bọ̀dá mi mọ̀ pé ó wọlé, kò mọ ẹni tó gbá a. Èmi mọ ẹni tó gbá a, mo pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó wọlé.

Mo pariwo orúkọ náà sínú fóònù. Ohùn kan dáhùn lẹ́yìn páànù, níta: "Ṣé ọmọ wa ni?"

Bàbá ni. Kò lọ sílé. Ó fi ìrọ̀rí rẹ̀ há abíyá, ó gbé etí lé ibi tí páànù méjì ti pàdé.

Mo ní, "Òun kọ́, bàbá." Ó ní ó dáa.

Saka, ọmọ Yorùbá tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, ló ní lọ́kàn. Bọ̀dá mi sọ ìtàn kan fún mi rí. Ní 1989, èèyàn 97 bá ìjàǹbá pápá Hillsborough lọ, níbi tí èrò ti fún ara wọn pa, ìjọba ní kí gbogbo pápá ńláńlá di ti àga, kí ẹnikẹ́ni má dúró mọ́. Ní 1992, ọdún tí Premier League bẹ̀rẹ̀ gan-an, Arsenal wó ibi ìdúró North Bank. Kí ilé tuntun tó parí, wọ́n ya àwòrán èrò sára ògiri ńlá kan, wọ́n gbé e síbi táwọn èrò ti máa ń dúró. Ojú dúdú kankan kò sí níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n lọ kun díẹ̀ ni. N kò lè sọ pé kí wọ́n má ṣe àga. Ẹ̀mí 97! Ṣùgbọ́n bí àga ṣe ń dé, owó ń bá a dé, àwọn tó ń dúró kò rí ibi jókòó. Kí ni mo tilẹ̀ fẹ́ sọ... àwòrán yẹn ò sanwó, ó sì wà nínú pápá.

Àwọn ará Liverpool bá kíláàbù wọn jà lórí owó ní 2016. Wọ́n fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì kan ní 77 pọ́n-ùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dìde ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn tó ni kíláàbù gbé owó náà wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí àwa bá dìde ní ìṣẹ́jú yẹn, Alága á kàn pa jẹnẹrétọ̀ ni, inú rẹ̀ á dùn pé epo ṣẹ́kù. Ta ni yóò sì dìde? Àwọn ọmọ tó wà níwájú mi ò wo eré, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ta tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wá kọ́nà mẹ́sàn-án.

Nígbà tí a tú jáde, bàbá ti lọ. Mo ti di 200 náà mọ́wọ́ nígbà yẹn. Mo fi ra omi.

Mo wá rédíò bàbá mi jáde lálẹ́ yìí, lábẹ́ àpò àkísà. Ẹnì kan gbàgbé bátìrì sínú rẹ̀. Ó ti yọ́, ó ti jẹ síprìǹgì rẹ̀ di àwọ̀ ewé.

Bọ̀dá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé, ó ní aago mélòó ni ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé e lọ, nítorí tẹlifíṣọ̀n. N ò tíì dá a lóhùn. Wọ́n ti mú iná dé, mò ń lọ lọ aṣọ ìyàwó.