Èmi tí mo fárí, Ìbàdàn àti Manchester

Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi olórí wà níbẹ̀ o, èmi gan-an ni mo fẹsẹ̀ ara mi lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Mọ̀kọ́lá lọ́dún 2017, mo ní kó fá a, ó ní ṣé ẹ̀gbẹ́ etí nìkan ni, mo ní rárá, gbogbo ẹ̀. Ó pa kílípà. "Àǹtí, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí nǹkan kan, irun ló sú mi, owó irun ló sú mi, ooru ló sú mi. Ó fá a tán, ó lóun ò gbowó. Ó rò pé mò ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Lọ́dọ̀ tiwa opó ló ń fárí, torí náà gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń wá òkú tí mo sin. Ìyá tí mo máa ń ra ata lọ́wọ́ wọn ní Bódìjà kí mi kú ara fẹ́ra kù, wọ́n fi tàtàṣé mẹ́ta ṣe ènì fún mi. Ìgbà tí mo wá ní mi ò tiẹ̀ tíì lọ́kọ, ojú wọn yí padà, àfi bíi pé kí n dá ènì yẹn padà! "Ṣé báyìí lo ṣe fẹ́ rọ́kọ fẹ́?" Mo ní ẹni tó bá fẹ́ mi á fẹ́ mi torí-torí, a jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi lọ́fíìsì ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, wọ́n ní kí n lọ ra wíìgì kí kọ́sítọ́mà má baà sá. Mo rà á. (Àbúrò mi ọkùnrin tó ta irun ẹ̀ bíi dàda, ọlọ́pàá ń yẹ fóònù ẹ̀ wò lójú títì pé ọmọ Yahoo ni, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń kí ọmọ tó bá gbé e wáyé ní Dàda olówó ẹyọ.)

Mo dé Manchester ní 2022, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé mo ti ju wíìgì nù. Ọmọbìnrin kan jókòó nínú bọ́ọ̀sì, irun ẹ̀ rí bí ewé, òrùka nímú, bàbá tó kọjú sí i ń ka ìwé ìròyìn ẹ̀ lọ. Mo ní háà, mo ti bọ́. Àfi ọjọ́ tí ìyá òyìnbó kan fọwọ́ kàn mí lápá ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù, ó rọra bi mí pé ṣé ìtọ́jú yẹn ń lọ dáadáa. Ìtọ́jú wo? Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ó rò pé jẹjẹrẹ ló ń bá mi fà á, pé oògùn ló re irun. Ní Ìbàdàn ọkọ mi ló kú, níbí èmi gan-an ni mo fẹ́ kú.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ará ibí ò ráyè ẹnikẹ́ni o. Ẹ dán an wò, ẹ ju ìgò sínú bíìnì búlúù. Ìwé àti páálí ni ti búlúù, ìgò àti agolo ni ti búráùn, àjẹkù oúnjẹ ni ti gíríìnì. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀kan péré, ìwé pélébé kan ti wà lábẹ́ ilẹ̀kùn mi láàárọ̀, wọ́n kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò sórúkọ ẹnì kankan níbẹ̀. Odidi oṣù kan ni mo fi ń wojú àwọn aládùúgbò, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ìyá aláta, ó kéré tán, ojú mi ni wọ́n sọ ọ́, mo sì fún wọn lésì.

Mò ń lọ sílé ní Dìsẹ́ńbà, àbúrò mi ń ṣègbéyàwó. Màámi ti fi àwòrán léèsì ránṣẹ́, ₦85,000, gèlè wà níbẹ̀. Mo ní Màámi, gèlè yìí máa yọ̀ bọ́ o, kò sírun tó máa dì í mú. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ de fìlà nẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀, àwọn ti rà á sílẹ̀.