Ẹ má yára sọ òkú lórúkọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú sàréè àwọn Gepid

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ wá kọ́ iṣẹ́ ìwalẹ̀pìtàn, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀gá mi fi pẹ́ńsù fa ìlà gba inú ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Inú oko kan lẹ́bàá odò Tisza ni a wà, ní Họ́ngárì tí mo ti lọ kàwé. Egungun obìnrin kan ni mo ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó nà gbalaja, orí rẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn, ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Píìnì ńlá tí wọ́n fi ń so aṣọ wà ní èjìká rẹ̀. Inú mi dùn, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sórí àpò: "Obìnrin Gepid," ìyẹn ọ̀kan lára ẹ̀yà àtijọ́ tó gbé agbègbè yẹn rí.

Ọ̀gá mi kà á, ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

N ò rí èsì fọ̀. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà sàréè, ibi tí orí òkú kọ sí, ohun tó wà lára rẹ̀, àti ibi tí ohun náà wà gan-an. Ó ní orúkọ ló máa ń gbẹ̀yìn.

Kì í ṣe pé àwọn Gepid ò sí. Lọ́dún 454, lábẹ́ Ardaric ọba wọn, àwọn ló ṣíwájú ogun tó ṣẹ́gun àwọn ọmọ Attila, ọba àwọn Hun, létí odò Nedao. Wọ́n jókòó sí agbègbè Tisza àti Transylvania, ìlú Sirmium náà sì bọ́ sọ́wọ́ wọn nígbà tó yá, kí àwọn ẹ̀yà Lombard àti Avar tó fọ́ ìjọba wọn ní 567. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ò kọ ìtàn ara wọn fún wa. Orúkọ yẹn gan-an, Jordanes tó kọ ìtàn àwọn Goth sọ pé inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "onílọ̀ọ́ra" ló ti wá, nítorí ọkọ̀ ojú omi tiwọn ló dé kẹ́yìn. Èébú tí aládùúgbò bú wọn la wá ń lẹ̀ mọ́ òkú wọn lára.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé tiwọn ni sàréè kan, nígbà náà? Ibi tó wà, ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, àti irú ẹrù inú rẹ̀ la máa ń pa pọ̀: ìkòkò tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí lára, irin bẹ́líìtì olórí idì, idà àti ọ̀kọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkùnrin kan. Ṣùgbọ́n ẹrù ń rìn. Wọ́n ń fi tọrẹ, wọ́n ń fi fẹ́yàwó, wọ́n ń kó o lójú ogun. Orí gígùn náà ńkọ́? Wọ́n máa ń fi aṣọ di orí ọmọ kékeré kí agbárí rẹ̀ lè gùn sókè. Ẹni tó bá rí i á pariwo "Hun!", bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló ń ṣe é nígbà náà, títí kan àwọn Gepid.

Sàréè àwọn ọlọ́lá ní Apahida nítòsí Cluj, ní Ròmáníà, ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí léèrè. Òótọ́ ni, ó dára lójú: òrùka wúrà tí wọ́n kọ orúkọ Omharius sí, tó jáde ní 1889, àti idì oníwúrà méjì tí òkúta pupa kún ara wọn, tó jáde ní 1968. Ṣùgbọ́n inú sàréè àwọn mẹ̀kúnnù tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú pápá ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni olè ti tú láyé àtijọ́. Obìnrin tèmi yẹn náà, olè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti dà rú. Píìnì kan ṣoṣo ló kù. Ní èjìká kejì n ò rí nǹkan kan, àfi egungun tó láwọ̀ ewé. Idẹ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sára egungun tó bá pẹ́ tó ti fara kàn án. Wọ́n ti gbé ẹrù lọ, àwọ̀ rẹ̀ ṣì wà. Egungun apá rẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò já kúrò lára ara wọn, ìyẹn ni pé iṣan ṣì dì wọ́n mú nígbà tí ọwọ́ wọlé. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin ín. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó jà á lólè ti wà níbi ìsìnkú rẹ̀.

Ká ní àpò tí mo kọ orúkọ sí ni mo tẹ̀ lé, ǹ bá ti yẹ ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ yẹn kọjá, nítorí mo rò pé mo ti mọ ẹni tó jẹ́.

Àwọn olè fi òòyà rẹ̀ sílẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n fi ṣe é, ó ní eyín lápá méjèèjì, mélòó kan ti kán. Mo jókòó tì í pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ohun tí mo kọ ni: òòyà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbárí, lápá òsì.